Bí Espoir bá gba àlejò ní Savalou, ta ni onílé?

Ní ọdọọdún, bí ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ bá ti ń súnmọ́lé, àwọn ọmọ Savalou tí ń ṣiṣẹ́ ní Kùtọ̀nú àti ní ìlú òkèèrè a máa di ẹrù wọn padà sílé láti jẹ iṣu titun. Láti Kùtọ̀nú, ọ̀nà náà ju 200 kìlómítà lọ. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá. Ilé ni ó pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé a tún máa pe ènìyàn ní àwọn ọjọ́ mìíràn nínú ọdún, nígbà tí kò sí iṣu titun, tí kò sì sí ìlù ọba. Ó ń pè ní ọjọ́ tí Espoir, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Savalou, bá fẹ́ gba àlejò lórí pápá. Ìpè yìí kì í dún ní etí gbogbo ènìyàn, pàápàá jù lọ ní Bantè.

Ọ̀rọ̀ Faransé ni Espoir. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ìrètí. Orúkọ náà bá ẹgbẹ́ ìlú kékeré mu, nítorí pé ẹgbẹ́ ìlú kékeré kò ní owó tí ó wà ní Kùtọ̀nú, kò sì ní ogunlọ́gọ̀ èrò tí ó wà ní Parakou tàbí ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gòkè sí líìgì kìíní ní sáà kan, kí ó sì já sí líìgì kejì ní sáà mìíràn. Ohun tí í sábà gbà á lọ́wọ́ jíjábọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu tí ó lọ ṣe ní ìlú onílùú. Ìdíje nílé ni.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹgbẹ́ tí ó bá borí a gba àmì 3. Bí àwọn méjèèjì bá ta ọ̀mì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a gba àmì 1. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá borí rẹ̀ kò gba nǹkan kan. Bí Espoir bá borí nínú ìdíje 6 nílé, àmì 18 ni ó ní. Bí ó bá ta ọ̀mì nínú ìdíje 6 kan náà, àmì 6 péré ni. Àmì 12 tí ó wà láàárín méjèèjì tó láti ya ẹgbẹ́ tí ń jó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹgbẹ́ tí ń sunkún ní òpin sáà. Ẹni tí ó ti kọ́ ìwé kíkà lè wo àtẹ líìgì nínú ìwé ìròyìn, kí ó sì ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀, láìpe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan láti wá ràn án lọ́wọ́. Orúkọ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, iye ìdíje tí ó ti gbá wà níbẹ̀, iye àmì rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn 11 tí ó wà lórí pápá ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe àwọn tí ó dúró létí rẹ̀. Ọdún 2020 ti dá wọn lóhùn. Nígbà tí àrùn Kòrónà dá eré dúró káàkiri ayé, Jámánì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tún bẹ̀rẹ̀ líìgì ńlá wọn, ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún. Wọn kò jẹ́ kí òǹwòran kankan wọlé. Pápá náà kò yí padà, àwọn agbábọ́ọ̀lù kò sì yí padà. Síbẹ̀, àwọn onílé kò borí tó bí wọ́n ti máa ń borí tẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó dín: ohùn ènìyàn. Ẹni tí ó bá ti gbé ẹrù gòkè mọ ohun tí í ṣẹlẹ̀ nígbà tí orúnkún bá ti rẹ̀ ẹ́, tí ẹnì kan sì pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kì í ṣe pé ẹrù náà fúyẹ́. Ẹsẹ̀ ni ó tún rántí bí wọ́n ṣe ń rìn.

Benin fúnra rẹ̀ mọ bí ó ti rí láti ṣe onílé ní ilé ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n ń pè ní Guépards, gba Nàìjíríà lálejò nínú àwọn ìdíje tí ó ṣáájú ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 2026. Benin borí pẹ̀lú góòlù 2 sí 1. Jodel Dossou àti Steve Mounié ni ó gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé. Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n Abidjan, ní Côte d'Ivoire, ni wọ́n ti gbá a, nítorí pé pápá ńlá Kùtọ̀nú kò kún ojú ìwọ̀n tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ń béèrè. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ wo ìdíje “ilé” yìí ní láti la Tógò já, kí ó sì tún la Gánà já. Ìwé nìkan ni ó sọ Benin di onílé lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, bí Espoir bá gbá bọ́ọ̀lù ní Savalou, ọmọ ìlú náà ní ohun tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò ní ní ọjọ́ ńlá yẹn: ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ wo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní Bantè ni ọ̀rọ̀ náà ti le. Láti Bantè sí Savalou ju 50 kìlómítà lọ. Bantè ní kọmíìnì tirẹ̀ àti mérì tirẹ̀. Èdè Itcha àti Ifẹ̀ ni ó ń dún ní ọjà rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará Savalou ń sọ Mahi. Ó rọrùn fún ará Bantè láti sọ pé ẹgbẹ́ wọn ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa. Ó tún lè béèrè pé: nígbà wo ni àwọn ará Savalou wá wo àwọn ọ̀dọ́ Bantè, Pira tàbí Gouka nígbà tí wọ́n ń gbá tiwọn? Ìbéèrè náà tọ́. Ẹsẹ̀ ni ó yẹ kí àwọn ará Savalou fi dáhùn rẹ̀, kì í ṣe ẹnu.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìbéèrè tí ó tọ́ di ìdí láti jókòó sílé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó so àwọn ìlú méjèèjì pọ̀, gbogbo ènìyàn ni ó sì ń rìn ín. Kájú Bantè kì í béèrè èdè ẹni tí yóò rà á. Gààrí Savalou, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Kùtọ̀nú, kì í yan ọbẹ̀ tàbí omi tí wọn yóò fi jẹ ẹ́. Kí ni ó dé tí bọ́ọ̀lù nìkan yóò fi dúró ní ààlà kọmíìnì? Ní Tchetti, tí ó wà nínú kọmíìnì Savalou fúnra rẹ̀, Ifẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń sọ. Ààlà tí ènìyàn ń tọ́ka sí ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé tipẹ́tipẹ́.

Ẹ̀rí mìíràn wà. Saturnin Allagbé, tí ó wà lára àwọn aṣọ́lé Benin ní Íjíbítì ní ọdún 2019, Assanté ni wọ́n bí i sí, ní kọmíìnì Glazoué, nínú ẹkùn Collines kan náà. Ní ọdún náà, Benin àti Mòrókò gbá 1 sí 1, Benin sì lé Mòrókò jáde kúrò nínú ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú pẹnáríti 4 sí 1. Àwọn mẹ́jọ ni ó kù kí Sẹ̀nẹ̀gàl tó dá a dúró pẹ̀lú góòlù 1 sí 0. Ta ni ó jẹ́ sọ ní Bantè lọ́jọ́ náà pé ti Glazoué ni, kò kan òun?

Ọ̀tá ìdíje nílé tí ó tóbi jù ni tẹlifíṣọ̀n. Ní ọ̀sán tí Espoir bá ń sáré, Paris tàbí Madrid lè máa sáré pẹ̀lú nínú yàrá tí wọ́n ti ń gba owó ìwòran. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú wíwo Paris. Ṣùgbọ́n kí Stéphane Sessègnon tó wọ aṣọ Paris Saint-Germain ní ọdún 2008, aṣọ Requins de l'Atlantique ni ó kọ́kọ́ wọ̀ ní Kùtọ̀nú, nínú líìgì ilẹ̀ Benin, kí ó tó lọ sí Créteil ní Faransé ní ọdún 2004. Ẹni tí ó wò ó nígbà náà ti wo Paris lọ́fẹ̀ẹ́ kí Paris tó rí i. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó gba ọ̀nà yìí: Parakou ni wọ́n bí Mounié sí, ṣùgbọ́n Faransé ni ó dàgbà sí. Orílẹ̀-èdè tí kò bá ní líìgì tí ó lágbára yóò máa dúró de ọmọ tí ẹlòmíràn tọ́. Líìgì náà kò sì lágbára tó bí àwọn ènìyàn ti rò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ìjà lórí ìdìbò àjọ bọ́ọ̀lù mú kí FIFA lé Benin sẹ́yìn odi fún ìgbà díẹ̀. Àwọn olóyè ni ó jà. Àwọn ọ̀dọ́ ni ó jókòó.

Owó ìwọlé olólùfẹ́ kan kò pọ̀. Ṣùgbọ́n olólùfẹ́ náà a gun zémíjàn, a ra ẹ̀pà, a ra omi inú ọ̀rá, a sì jẹun kí ó tó padà. Ní àsìkò kájú, nígbà tí owó bá wọ ọwọ́ àgbẹ̀, obìnrin tí ń ta oúnjẹ létí pápá mọ iye ìdíje nílé ju akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olólùfẹ́ kì í fẹ́ gbọ́. Onílé ni ó ni àlejò. Ẹgbẹ́ tí ó wá láti ọ̀nà jíjìn, àti adájọ́ tí ó mú fèrè lọ́wọ́, àlejò ìlú ni wọ́n jẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 2024, ní N'Zérékoré ní ilẹ̀ Gínì, ìpinnu adájọ́ dá ìbínú sílẹ̀ nínú ìdíje kan láàárín ẹgbẹ́ ìlú náà àti ti Labé. Òkúta fò, èéfín tajútajú tú jáde, èrò sì ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ìjọba kéde pé ènìyàn 56 ni ó kú. Ní Accra, ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2001, ènìyàn 126 ni ó kú nínú irú rògbòdìyàn bẹ́ẹ̀, nígbà tí Hearts of Oak gba Asante Kotoko lálejò. Àwọn onílé ti borí lọ́jọ́ náà, 2 sí 1. N'Zérékoré kì í ṣe Accra. Ìlú tí ó jìnnà sí etíkun ni, bí Savalou ti jìnnà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé pápá kékeré kò lè pa ènìyàn.

Nítorí náà, ẹ̀tọ́ onílé ni láti pariwo títí ohùn yóò fi há. Kì í ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti ju ìgò. Bí ó bá jù ú, ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni yóò san owó ìtanràn, ẹgbẹ́ tirẹ̀ sì ni ó lè wá gbá ìdíje tí ó kàn níwájú àga tí kò sí ènìyàn lórí wọn, bí ti Jámánì ní ọdún 2020.

Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà ní iṣẹ́ tiwọn. Kí wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn pápá kí eré tó parí. Kí omi wà, kí nọ́ọ̀sì kan sì wà nítòsí. Kí wọ́n jẹ́ kí fèrè àkọ́kọ́ dún ní wákàtí tí ẹni tí ó ti Pira tàbí Akpassi wá yóò fi lè padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí wọ́n sì kọ ọjọ́, wákàtí àti owó ìwọlé ìdíje tí ó ń bọ̀ sára pátákó kan ní ọjà Bantè, ní èdè tí ọjà náà ń sọ, nígbà tí ó bá ku ọjọ́ márùn-ún. Àwọn awakọ̀ yóò mọ èyí tí ó kù.