Oore Ádífẹ́ǹtì: Ó Yẹ Kí Ẹ̀bùn Máa Wá Aláìní Lọ Sílé

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú kẹta nínú àsìkò Bíbọ̀ Olúwa tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Ádífẹ́ǹtì, Ìhìnrere kan náà ni wọ́n kà ní àwọn ìjọ Àgùdà, ìbáà ṣe ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Róòmù. Nínú ìwé Luku ni wọ́n ti kà á. Ó sọ bí èrò ṣe lọ bá Johanu Onítẹ̀bọmi láti béèrè ohun tí ó yẹ kí àwọn ṣe, tí Johanu sì rọ̀ wọ́n láti pín aṣọ àti oúnjẹ wọn pẹ̀lú ẹni tí kò ní.

Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 18, àwọn kan fẹ́ ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Baṣọ̀run ni wọ́n pè wọ́n sí. Kí ayẹyẹ náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni èrò ti kún ẹnu ọ̀nà fọ́fọ́. Ọmọ 35 ni ó bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 21, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Abuja, àfi pé ọgbà ìjọ Àgùdà gan-an ni ti ọ̀tẹ̀ yìí, ìjọ Holy Trinity ní Maitama, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ fún àwọn aláìní. Ènìyàn 10 ni ó kú, ọmọdé sì ni 4 nínú wọn. Ní ọjọ́ kan náà ni àwọn tí ó wá gba ìrẹsì ní Okija, ní ìpínlẹ̀ Anambra, tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, òkú tiwọn sì lé ní 20.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin nínú àsìkò tí ìjọ fi ń múra sílẹ̀ de ìbí Olúwa, ó lé ní 60 ènìyàn tí ó kú nítorí pé wọ́n jáde láti gba oúnjẹ àti ẹ̀bùn ọdún. Kì í ṣe ogun ni ó pa wọ́n, kì í sì í ṣe àrùn. Oore ni wọ́n lọ gbà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a bi ara wa léèrè, ní ọdọọdún tí Ádífẹ́ǹtì bá ti dé, bóyá ọ̀nà tí a ń gbà ṣe oore bá ohun tí àsìkò náà dúró fún mu. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ìjọ tí ó wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ohun tí ó lè dáàbò bo ẹ̀mí àwọn ènìyàn wà lọ́wọ́ wọn tipẹ́tipẹ́.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá àwọn tí ó kú lẹ́bi pé ojúkòkòrò ni ó pa wọ́n. Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù mọ́, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ni ọjà ti gbóná janjan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 tí à ń sọ yìí, àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba, NBS, sọ pé iye tí ọjà fi wọ́n ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ tó ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún, ti oúnjẹ nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 40. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Ìyá tí ó gbọ́ pé wọn yóò fún ọmọ òun ní oúnjẹ àti owó lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní ṣàì tètè jí.

Bí ikú irú èyí ṣe ń wáyé náà yẹ ní mímọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ìṣubú ni ó ń pa ènìyàn, pé ẹni tí kò bá ṣubú yóò yè é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí èrò bá ti pọ̀ jù lójú kan, tí ẹnu ọ̀nà sì há, àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò lè rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níwájú, nítorí náà wọn yóò máa tì í síwájú ni. Àyà ẹni tí ó wà láàárín kò ní rí ààyè gbòòrò láti fa èémí, yóò sì kú lórí ìdúró. Ọmọdé tí orí rẹ̀ kò ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ ni ó kọ́kọ́ ń bá irú rẹ̀ lọ. Kò sì ní í ṣe pẹ̀lú irú ẹ̀sìn tí a ń ṣe. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń parí lọ, àwọn oníṣòwò kan ń pín owó ní ìlú Sanaa, ní orílẹ̀-èdè Yemen. Ó lé ní 70 ènìyàn tí èrò tẹ̀ pa níbẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ń lọ nínú ìjọ Àgùdà ní ìlú wa méjèèjì bí oṣù Kọkànlá bá ti ń lọ sí òpin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tàbí ó dín díẹ̀, ni Ádífẹ́ǹtì máa ń jẹ́. Ọjọ́ Àìkú tí ó bá súnmọ́ ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá jù lọ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀. Aṣọ elésè àlùkò ni Fadá máa ń wọ̀, àfi ní ọjọ́ Àìkú kẹta tí ó lè wọ aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ láti fi hàn pé ayọ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọn kì í kọ orin Ògo nínú Mísà ọjọ́ Àìkú títí di ọdún Kérésìmesì. Nítòsí pẹpẹ ni wọ́n ń gbé àbẹ́là mẹ́rin sí láàárín ewé tútù tí wọ́n ká bí òṣùká, ẹyọ kan ni wọ́n sì ń tàn kún un ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ilé, ẹgbẹ́ akọrin ń kọ́ orin ọdún, àwọn ọmọdé ń kọ́ eré ìbí Jésù, àwọn ìyá ìjọ ń tún ọgbà ṣe, àwọn tí ó fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ sì ń tò lọ sọ́dọ̀ Fadá.

Àbẹ́là wọ̀nyí pàápàá ní ìtàn tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu. Kì í ṣe ìjọ Àgùdà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oníwàásù ìjọ Luther kan, Johann Hinrich Wichern, ní ìlú Hamburg ní Jámánì, ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1839. Ilé kan ni ó dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà. Àwọn ọmọ náà ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ìgbà wo ni Kérésìmesì yóò dé, ni ó bá to àbẹ́là sórí àgbá kẹ̀kẹ́ kan, tí ó ń tàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè máa ka ọjọ́. Àwọn ọmọ tálákà ni ó ṣe é fún, sùúrù ni ó sì fi ń kọ́ wọn.

Ohun tí a fẹ́ fà yọ gan-an nìyí. Àsìkò tí ìjọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò yẹ kí oore rẹ̀ já sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí a bá tan àbẹ́là ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ló dé tí a ó fi pín ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan náà, ní ẹnu ọ̀nà kan, ní ọjọ́ tí ọdún ku ọ̀la? Bí ìjọ kan bá ní àpò ìrẹsì 40 láti pín, tí ó sì gbé àpò 10 jáde ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún àdúgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iye kan náà ni yóò pín, ṣùgbọ́n èrò kò ní kóra jọ.

Ìlànà láti ṣe èyí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di ohun tí a ń wá kiri. Ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul, tí Frédéric Ozanam àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1833, wà nínú ọ̀pọ̀ páríṣì ní ilẹ̀ wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òfin wọn ti jẹ́ pé kí ọmọ ẹgbẹ́ máa lọ sí ilé tálákà, kí ó jókòó, kí ó fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó kù nínú ìkòkò, kí ó tó mọ ohun tí yóò gbé wá. Àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tí wọ́n ń kóra jọ láti gbàdúrà ní ilé ara wọn náà wà, wọ́n sì mọ ìyá arúgbó tí kò jáde mọ́ àti bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ìjọ Àgùdà ṣe rí ní ìlú méjèèjì yìí tún ràn án lọ́wọ́. Ọdún 1943 ni àwọn Fadá Aláṣọ Funfun dé sí agbègbè Ọ̀yọ́, ní 1949 ni Róòmù sì sọ ọ́ di agbègbè ìjọ tí ó dá dúró. Bíṣọ́ọ̀bù Julius Adelakun ni ó darí rẹ̀ láti 1973 títí di 2009, tí Bíṣọ́ọ̀bù Emmanuel Badejo fi gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, Àgùdà kò pọ̀ bí i ti àwọn yòókù. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ọ̀yọ́, ìjọ Áńgílíkà náà sì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́. Ìlú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n mọ Ògbómọ̀ṣọ́ sí, láti ìgbà tí Thomas Bowen ti mú iṣẹ́ ìhìnrere dé ibẹ̀ ní 1855. Ìjọ tí kò pọ̀ jù yìí ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti lè mọ orúkọ ara wọn.

Ní ìlú méjèèjì, agbo ilé ṣì ń jẹ́ agbo ilé. Baálé wà níbẹ̀, ìyáálé wà níbẹ̀. Kò sí agbo ilé tí àwọn àgbà rẹ̀ kò mọ ẹni tí kò dáná láti àná. Bí ìjọ bá bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀bùn yóò dé ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí àti Onítẹ̀bọmi tí ebi ń pa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sún mọ́ géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Yóò sì bo àṣírí. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ìyà ń jẹ jù lọ kì í lọ tò sí ìlà nítorí pé ojú ń tì wọ́n.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ í sọ sí èyí. Wọn yóò ní lílọ láti ilé dé ilé ń gba àkókò, pé ó ń gba ènìyàn, owó epo sì ti wọ́n. Òótọ́ ni. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn tí ń kọ orúkọ lè ṣe ojúsàájú. Òótọ́ ni èyí náà, ó tilẹ̀ yẹ kí ó ká àwọn aláṣẹ páríṣì lára jù. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ẹni tí ó san owó ìkórè nìkan ni yóò wà nínú ìwé, a jẹ́ pé opó tí kò rí owó san, tí í ṣe ẹni tí ìrànlọ́wọ́ tọ́ sí jù, ni wọn yóò yọ sílẹ̀. Nítorí náà, kí ìwé orúkọ má ṣe wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìbẹ̀wò, aṣojú àdúgbò àti àgbà agbo ilé jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìdí kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ jáde. Oore tí a ṣe ní gbangba ń fún olóore ní orúkọ. Kámẹ́rà kì í tẹ̀ lé ẹni tí ó gbé kóńgò ìrẹsì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ opó ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn olówó, àwọn olóṣèlú àti àwọn àjọ tí ń ṣe àánú fẹ́ràn pápá tí ó kún. Bí páríṣì bá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ irú wọn, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún wọn pé, "Ẹ ṣeun, a ó bá yín pín in bí a ti ń pín tiwa." Ẹni tí àánú ń ṣe lóòótọ́ kò ní bínú sí èyí.

Bí ó bá sì wá di dandan kí èrò kóra jọ, àwọn ohun kan kò ṣeé fojú fò. Lẹ́yìn ikú oṣù Kejìlá 2024, àwọn ọlọ́pàá kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ pín nǹkan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tó àwọn létí. Kí káàdì ti wà lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbà á kí ọjọ́ tó pé, kí aago tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yóò wá yàtọ̀ síra, kí ọ̀nà àbáwọlé yàtọ̀ sí ọ̀nà àbájáde, kí ẹnikẹ́ni má sì pe ọmọdé wá sínú èrò. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá. Ọ̀sẹ̀ kìíní Ádífẹ́ǹtì ni òkèèrè yẹn.

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, tí òkú ṣì wà nílẹ̀ ní Abuja àti Okija, ọjọ́ Àìkú kẹrin Ádífẹ́ǹtì ni. Ìhìnrere ọjọ́ náà sọ nípa Màríà, bí ó ṣe dìde tí ó yára gba ọ̀nà orí òkè lọ sí ilé Elisabẹti, ìbátan rẹ̀ tí ó lóyún ní ọjọ́ ogbó. Màríà kò ránṣẹ́ sí Elisabẹti pé kí ó wá bá òun lójúde. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀, ó sì bá a gbé fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Àwọn páríṣì tí ó wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ọ̀nà ilé àwọn aláìní wọn. Kí wọ́n máa tọ̀ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí ìyá kankan má baà tún gbé òkú ọmọ darí sílé láti ibi tí ó ti lọ gba oúnjẹ ọdún.