Owó Gọbọi Lórí Ẹja Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ní Jẹ

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018, wọ́n lu ẹja ọ̀ṣọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní kòì, ní gbàǹjo ní agbègbè Hiroshima, lórílẹ̀-èdè Jàpáànù. Abo ni ẹja náà, ara rẹ̀ funfun nini, àmì pupa sì tò sí i lẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó sì fi díẹ̀ gùn ju mítà kan lọ. S Legend ni wọ́n sọ ọ́. Oníbàárà kan láti Taiwan ló san mílíọ̀nù 203 owó yẹ́ẹ̀nì lé e lórí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 dọ́là Amẹ́ríkà nígbà náà. Nígbà tí ìròyìn náà tàn, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ kò ju pé owó ti pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn kan, ibi tí wọn yóò dà á sí ni wọ́n ń wá.

Ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọpa bí ẹja kòì ṣe ń dé ibi gbàǹjo yóò rí i pé iye owó náà nídìí, ẹwà nìkan kọ́ sì ni ìdí ọ̀hún. Ohun tí àwọn olówó wọ̀nyí ń rà ní tòótọ́ ni ojú ẹni tó sin ẹja náà, àti ọ̀pọ̀ ọdún tí ojú yẹn fi ń ṣa ẹja, tó ń da èyí tó pọ̀ nù, tó ń mú ìwọ̀nba kù.

Kòì kò ti ààfin wá. Àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ní òkè Yamakoshi àti Ojiya, ní ìpínlẹ̀ Niigata, ló ń sin ẹja kápù sínú adágún tó ń fún oko wọn lómi, kí wọ́n lè rí nǹkan fi jẹun nígbà òtútù tí yìnyín bá dí ọ̀nà. Kápù dúdú lásán ni. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, wọ́n rí àwọn kan tí pupa tàbí funfun yọ lára wọn. Wọn kò sè wọ́n; wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n lè bímọ. Ọdún 1914 ni wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ síbi àfihàn ńlá kan ní Tokyo, ibẹ̀ sì ni òkìkí wọn ti kàn dé etí ọba. Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e kò yá rárá. Sawata Aoki, ará Yamakoshi, rí kápù kan tí àwọ̀ wúrà fẹ́ẹ́rẹ́ là á lẹ́yìn. Ó lé ní ogún ọdún tí òun àti ọmọ rẹ̀ fi ń ṣa irú-ọmọ ẹja yẹn kí wọ́n tó rí èyí tí gbogbo ara rẹ̀ dà bíi wúrà, ní ọdún 1946.

Ibi ṣíṣà yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Abo kòì ńlá kan lè yé ẹyin 300,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé ẹja tó gba ipò kìíní lọ́dún yìí yóò bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó jọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ kì í sábà jọ ìyá, bí ìyá tilẹ̀ lẹ́wà tó báwo. Àwọn kan á pupa látorí délẹ̀, àwọn kan á funfun láìní àmì kankan, àwọn mìíràn á sì padà sí kápù dúdú tí baba ńlá wọn jẹ́. Ní ti oríṣi tí wọ́n ń pè ní Showa, tó ní dúdú, pupa àti funfun, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn tí ẹyin bá pa tí wọ́n ti ń ṣà wọ́n: àwọn ọmọ wẹẹrẹ tí dúdú ti yọ lára wọn ni wọ́n ń mú, ìyókù di àdànù. Ti Kohaku, onífunfun àti pupa, ń pẹ́ tó oṣù kan sí méjì kí wọ́n tó lè mọ èyí tí wọn yóò mú. Wọn yóò tún ṣà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Bí obìnrin ṣe ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì ni wọ́n ń ṣe é, àyàfi pé níhìn-ín òkúta ló pọ̀ ju ìrẹsì lọ. Ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò sí ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ṣì ọ̀kan mú yóò fi oúnjẹ ọdún mẹ́rin bọ́ ẹja tí kò ní ta, ẹni tó bá sì ṣi ọ̀kan dànù kò ní mọ̀ láé.

Àwọn tó bá yege ni wọ́n ń kó sínú adágún ẹlẹ́rẹ̀ ní orí òkè nígbà tí oòrùn bá dé. Omi ibẹ̀ rú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè rí wọn. Oṣù mélòó kan ni wọn yóò fi wà níbẹ̀, olówó wọn kò ní mọ èyí tó ń tóbi, èyí tí ẹyẹ gbé, èyí tí pupa rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá fa omi náà gbẹ ní oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n ń rí àbọ̀ iṣẹ́ wọn. Ọdọọdún ni wọ́n ń ta irú tẹ́tẹ́ yìí, a sì ń rí ẹni tó ń bèèrè pé kí ló dé tí ẹja wọ́n.

Èyí tó tún ń ya àjèjì lẹ́nu ni pé ẹja tó wọ́n kì í fìgbà gbogbo jẹ́ èyí tó rẹwà lójú lónìí. Àwọn tó mọ kòì ń pe irú kan ní tategoi, ẹja tí ògo rẹ̀ ṣì wà níwájú. Ara rẹ̀ lè ṣàìtíì kún, dúdú rẹ̀ lè máa fara pamọ́ sábẹ́ awọ bí eérú, etí pupa rẹ̀ lè máa rú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò kọjá lọ, yóò mú èyí tó ń tàn yanran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, èyí tó ń tàn lè ti ṣá, kí tategoi náà sì máa gbé ipò kìíní nínú ìdíje. Ìdíje ọ̀hún náà kò rọrùn. Òkè ni àwọn adájọ́ ti ń wo ẹja, wọn kì í wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fẹ́ kí ara rẹ̀ kún látorí dé ìrù, kí funfun rẹ̀ má pọ́n rárá, kí pupa rẹ̀ má bo ojú, kó má sì dé ìdí ìrù. Kí gbogbo èyí tó pé sára ẹja kan ṣoṣo, tó sì tún gùn ní mítà kan, ó di iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án.

Àwọn kan ń sọ pé okòwò ni, pé bí ẹni ra ilẹ̀ ni. Àwáwí olówó ni. Ilẹ̀ kì í kú. Ní ọdún 2003, kòkòrò àrùn kan tó ń pa kápù àti kòì, tí kò ní oògùn, wọ Jàpáànù. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2004, ilẹ̀ mì tìtì ní Niigata, àwọn adágún Yamakoshi sán, iná mànàmáná lọ, wọ́n kó gbogbo ará ìlú náà kúrò, ẹja sì kú lọ rẹpẹtẹ. Hẹlikópítà ni wọ́n fi gbé díẹ̀ nínú èyí tó ṣẹ́ kù jáde. Àwọn abo tí ìdílé kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yàn lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, owó kò sì lè rà wọ́n padà, torí pé kò sí ẹlòmíràn tó ní irú wọn. Ohun tó lè ṣòfò báyìí kì í ṣe ibi tí ọlọ́gbọ́n ń tọ́jú owó sí. Ṣùgbọ́n òfò yìí kan náà ló sọ èyí tó bá yè di ọ̀wọ́n.

A kò lè sọ pé fáàrí kò sí níbẹ̀. Kakuei Tanaka, ọmọ Niigata tó ṣe olórí ìjọba Jàpáànù láti 1972 sí 1974, kó kòì kún adágún ilé rẹ̀ ní Tokyo, ó sì ń fi wọ́n han àlejò. Níbi gbàǹjo, bí olówó méjì bá dojú kọ ara wọn, owó tó lé lẹ́yìn ìgbà náà ti kúrò lórí ẹja, ó ti di ti orúkọ. Bóyá ìdajì owó tí ẹnìkan san lórí irú ẹja bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ ti ìbínú sí ẹni tó jókòó lódìkejì, ta ló mọ̀? Síbẹ̀, fáàrí nìkan kò lè ṣàlàyé ìdí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra kòì láti ilẹ̀ òkèèrè fi ń fi ẹja wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó sìn ín, tí wọ́n ń sanwó ìtọ́jú, tí wọn kò sì ń rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ẹni tó kàn fẹ́ fi ẹja ṣe fáàrí á gbé e lọ sílé. Àwọn wọ̀nyí mọ̀ pé bí ojú tó yan ẹja náà bá kúrò lára rẹ̀, iye rẹ̀ lè má pẹ́ lọ.

Ẹni tó bá jẹ́ pé kó máa wo ẹja mèremère ló wù ú kò nílò gbàǹjo. Nínú àwọn tí wọ́n ṣà kúrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé àmì pupa kan tó ṣìnà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Wọn á gbé nínú adágún fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó máa rí àbùkù náà àyàfi adájọ́.