Kí A Tó Dá Awakọ̀ Lẹ́bi

Ọ̀rọ̀ irin ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò ní mọ́tò náà kà á dópin, nítorí èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà bá wí.

Àwa tíṣà mẹ́rìnlá ní Agége ni a da owó jọ tí a ra katakata àlòkù kan, onísílíńdà mẹ́rin, tí a fi ń ro oko ẹ̀gẹ́ wa lẹ́bàá Ìfọ̀. Èmi ni akápò. A gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe awakọ̀, ọmọ tó ń bọ́ ìyá rẹ̀ àti àbúrò méjì. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ tí gbogbo àgbẹ̀ ń sáré kọ ebè, katakata wa dá wàhálà sílẹ̀. Bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́, yóò dún gàràràrà bí ẹni ń fi òkúta ha irin, ẹ́ńjìnnì kò sì ní jí. Àwọn òṣìṣẹ́ oko á bá a tì í síwájú díẹ̀ nínú jíà, nígbà náà ni yóò tó gbà. Nígbà tó yá, kò gbà mọ́ rárá.

Mẹkáníìkì tí a pè ní eyín fláíwíìlì ti jẹ tán, kí á ra òmíràn, kí á sì ra sítátà mọ́ ọn. Nígbà tó dárúkọ owó, ẹnu gbogbo wa gbẹ. A ṣe ìpàdé. Wọ́n ní ìwàkuwà awakọ̀ ló fà á, a sì fẹnu kò pé kí á máa yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yọ ọ́, oṣù méjì gbáko. Ọmọ náà kò jà. Ó kàn ní, "Ọ̀gá tíṣà, mo sọ ọ́ fún yín." N kò bi í pé kí ló sọ.

Kí a tó náwó, ẹnìkan júwe bàbá kan fún mi tó ń fi ẹ̀rọ lééthì gbẹ́ irin lẹ́bàá ọ̀nà reluwé ní Agége. Ẹ rántí pé oko ni àdúgbò wa yìí tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbin kòkó, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní 1907. Ìkẹjà wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn títí di 1967, ìjọba náà ló sì là àgbègbè ilé iṣẹ́ ńláńlá síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́ iṣẹ́ irin nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn, wọ́n sì gbé ọgbọ́n ọwọ́ wọn jáde wá sí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá yìí.

Ó bá wa dé oko. Wọ́n fi pákó àti jáàkì gbé katakata ró dáadáa, wọ́n ya ẹ́ńjìnnì kúrò lára jíà, wọ́n sì tú fláíwíìlì. Àwo irin wúwo róbótó ni fláíwíìlì, ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, a sì fi òrùka irin onéyín há a létí. Eyín òrùka náà lé ní ọgọ́rùn-ún. Ti sítátà kò ju bíi mẹ́wàá lọ. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò kékeré fi lè yí ẹ́ńjìnnì ńlá. Charles Kettering ará Amẹ́ríkà ló ṣe sítátà oníná tí Cadillac fi sínú ọkọ̀ wọn ti ọdún 1912. Ṣáájú ìgbà náà, ọwọ́ ni a fi ń yí ẹ́ńjìnnì, ó sì dá àwọn kan lápá.

Bàbá fi ẹfun sàmì sí eyín tó jẹ. Ó ní, "Tíṣà, wá wò ó." Ibi méjì péré ni ó jẹ, ọ̀kan dojú kọ èkejì. Gbogbo ìyókù le koko.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: bí a bá pa ẹ́ńjìnnì, kì í dúró síbi tó bá wù ú. Yóò máa yí títí agbára rẹ̀ kò fi ní lè borí atẹ́gùn tí písítìnì ń fún pọ̀, níbẹ̀ ni yóò sì dúró. Onísílíńdà mẹ́rin ní irú ibi bẹ́ẹ̀ méjì. Onísílíńdà mẹ́ta, bíi Massey Ferguson 135, ní mẹ́ta. Eyín kan náà ni sítátà ń bù jẹ láràárọ̀. Bí a bá tì í díẹ̀ tó sì gbà, ibi díẹ̀ ló jẹ. Bí ó bá ń ha níbi gbogbo, ẹ wo sítátà fúnra rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n eléyìí yá jù," ni bàbá wí. Ó fi hàn mí pé bóòtì kan ti sọnù nínú mẹ́ta tó di sítátà mú, òmíràn sì ti tú, tí sítátà fi ń gbọ̀n, tó jẹ́ pé etí eyín nìkan ló ń kàn. Ó ní bátìrì tí kò lágbára náà ń jẹ́ kí sítátà máa wọlé, kó máa jáde, kó máa gbá eyín ṣáá. Ó bi mí pé, "Ta ló ní kí ẹ máa lo bátìrì yìí?"

Ẹ̀yin ará, mo dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni awakọ̀ ti wá bá mi pé bátìrì ti kú àti pé sítátà ń mì. Èmi ni mo ní kó máa fọgbọ́n lò ó títí a ó fi ta ẹ̀gẹ́.

Wẹ́dà kan ti fẹ́ kun eyín náà, kó sì fi fáìlì gbẹ́ ẹ. Bàbá kọ̀, ó ní irú eyín bẹ́ẹ̀, bí kò bá rọ̀ jù, á gan jù, á sì kán. Iná ni ó fi yí òrùka ká láìdúró lójú kan, kó lè fẹ̀. Ó gbá a jẹ́jẹ́ yíká, ó sì bọ́ sílẹ̀. Ó nu ibùjókòó rẹ̀ mọ́, ó fi sáńpépà dán ojú kan lára òrùka, ó sì tún un yá níná. Nígbà tí ojú dídán náà di àwọ̀ koríko gbígbẹ, ó ní ó tó. Bí ó bá dé àwọ̀ aró, líle eyín ti ń lọ. Ó sún un ní ìdámẹ́rin àyíká kó tó fi í padà, kí eyín tó le lè bọ́ síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń dúró. A kò da omi sí i. Ó tutù fúnra rẹ̀, ó sì fún mọ́ àwo náà pinpin.

A ra bátìrì, a ra bóòtì, a sì ra eyín sítátà kan ní ọjà Ládìípọ̀ ní Mushin. Àpapọ̀ owó rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí mẹkáníìkì dárúkọ. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì jí.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo dìde, mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́, mo sì ka owó oṣù méjì náà lé ọmọ náà lọ́wọ́. Mo ní, "Má bínú, èmi ni mo jẹ̀bi." Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ó ti tán, ọ̀gá tíṣà." Ojú tì mí ju bí ẹni pé ó bú mi lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àlòkù, ẹ má di kọ́kọ́rọ́ mú ju bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, ẹ fi í sílẹ̀ kíá. Ẹ má yí i mọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò tíì dúró tán. Ẹ máa wo bóòtì sítátà àti ojú bátìrì. Bí eyín bá jẹ yíká, òrùka nìkan lẹ ó rà bó bá ṣeé yọ, ẹ má ra odindi fláíwíìlì. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, ẹ ka eyín rẹ̀, kí ẹ sì wọn inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Bí ọmọ iṣẹ́ yín bá sì sọ pé nǹkan ń mì, ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ náà. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ọmọ yìí kí n tó dá a. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.