Abéèrè Kì í Ṣìnà: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ Pírọ́jẹ́ẹ̀tì

Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè ló ń pọ́n ara rẹ̀ lójú. Onítìjú ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, pé kó la ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sọ jáde: abéèrè ti mọ ibi tó ń lọ kó tó béèrè. Ta ló máa dúró sí oríta Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, tí yóò máa bi àwọn tó ń kọjá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà dà?" Wọn á bi í padà pé, "Ọ̀nà ibo?"

"Ọ̀nà dà?" yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ àwùjọ máa ń gbé lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó pírọ́jẹ́ẹ̀tì wọn. Wọn á kọ àkòrí gbọọrọ: "Ipa Tí Ìfowópamọ́ Ń Kó Nínú Ìdàgbàsókè Ọrọ̀ Ajé Nàìjíríà." Ó dùn ún gbọ́ létí, àmọ́ ta ni yóò dáhùn rẹ̀? Ìfowópamọ́ irú wo, láàárín ọdún wo sí ọdún wo? Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ọkọ̀ rẹ̀ kò lè gbé e kọjá Ìbàdàn ló fẹ́ ṣèwádìí odindi orílẹ̀-èdè. Ẹ jẹ́ ká fún un níbi tó ń lọ: "Kí ló dé tí àwọn aláta ọjà Bódìjà ṣì ń dá àjọ nígbà tí bánkì àti oní-POS wà nítòsí wọn?" Èyí ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé. Àwọn tí a lè bá sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ìdáhùn wọn sì lè ya olùwádìí fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ìbéèrè tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí a tó jáde nílé, kí la fẹ́ fi ṣe?

Kó tó dé ọjà, ó yẹ kó bi àwọn tó ti rin ọ̀nà náà ṣáájú. Iṣẹ́ orí kejì pírọ́jẹ́ẹ̀tì nìyẹn, èyí tí ọ̀pọ̀ ti sọ di àkójọ orúkọ: Lágbájá sọ báyìí, Tàmẹ̀dù sọ tọ̀hún. Kíka orúkọ kọ́ ni ìbéèrè. Ní 1952, William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí èsúsú àwa Yorùbá. Nígbà tó di 1962, Clifford Geertz, tó ṣiṣẹ́ ní Indonẹ́ṣíà, sọ pé àkàsọ̀ àárín lásán ni irú ẹgbẹ́ tó ń dá èsúsú bẹ́ẹ̀, pé bí ọrọ̀ ajé bá ti ń gòkè, bánkì yóò gba ipò rẹ̀. Ní 1964, Shirley Ardener kọ tirẹ̀, kò sì dá a lójú pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ẹ ò rí i pé aláta Bódìjà ti bọ́ sáàárín àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé!

Ohun kan ṣì kù níbẹ̀ fún ẹni tó bá lajú sílẹ̀. Èsúsú ni àwọn wọ̀nyẹn ń sọ, èyí tí ẹgbẹ́ ń dá jọ tí wọ́n sì ń kó fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àjọ yàtọ̀. Alájọ á máa gba owó lójoojúmọ́, yóò sì dá a padà fún olówó níparí oṣù lẹ́yìn tó bá ti yọ owó ọjọ́ kan fún wàhálà ara rẹ̀. Ẹni tó ń sanwó kí wọ́n tó bá a tọ́jú owó ara rẹ̀, kí ló ń rà gan-an? Ìbéèrè yìí tilẹ̀ dára ju èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ lọ.

Orí kẹta, níbi tí a ti ń ṣàlàyé ọ̀nà tí a gbà ṣèwádìí, ni àdàkọ ti pọ̀ jù. Agbára káká ni ẹ fi máa rí pírọ́jẹ́ẹ̀tì tí kò lo ìṣirò Taro Yamane ti 1967, èyí tó ń sọ iye ènìyàn tó yẹ kí a bi. Bí a bá gba àṣìṣe 5 nínú 100 láyè, tí ọjà bá ní ènìyàn 10,000, ìṣirò náà á ní kí a bi 385. Bí ìlú bá ní 1,000,000, á ní 400. Ìdí nìyí tí iye náà fi ń jọra láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan sí èkejì. Mi ò bá ìṣirò náà jà. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ mélòó nínú àwọn aláta ló ń dá àjọ, bí ó bá ṣa àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́nà tí olúkúlùkù fi ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sí i. Ẹni tó kàn pín ìwé ìbéèrè fún ẹnikẹ́ni tó bá rẹ́rìn-ín sí i kò ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ "kí ló dé" la fẹ́ mọ̀, obìnrin 15 tí a fara balẹ̀ bá sọ̀rọ̀ sàn lójú tèmi ju ìwé 400 tí wọ́n fi kánjúkánjú fàmì sí.

Ó tún ku bí a ó ṣe béèrè. Ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. A kì í lọ nígbà tí ọjà bá ń tà wàràwàrà. A ó ṣàlàyé ohun tí a wá ṣe, a ó sọ pé ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn lè kọ̀, a kò sì ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Owó lẹ ń béèrè o! Àjèjì tó gbé ìwé dání, tó ń bi ìyá aláta pé èló ló ń dá lójúmọ́, báwo ni ìyá ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe agbowó-orí? Ọ̀rọ̀ ata ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, towó á tẹ̀lé e. Ẹ má sì bi kìkì àwọn tí inú wọn dùn sí alájọ wọn. Ẹ wá ẹni tí alájọ ti kó owó rẹ̀ sá lọ rí, kẹ́ ẹ sì bi àwọn alájọ pẹ̀lú.

Ẹni tó da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, tàbí tó ní kí ChatGPT bá òun hùmọ̀ ìdáhùn sí orí kẹrin, níbi tí èsì ìwádìí máa ń wà, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìyá aláta kò sọ ló fi sí i lẹ́nu. Irọ́ nìyẹn, bó ti wù kí wọ́n di ìwé náà dáadáa tó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ ìbéèrè yín ní gbólóhùn kan ṣoṣo tí ìyá aláta yóò gbọ́ tí yóò yé e. Bí kò bá yé e, ẹ tún un kọ kẹ́ ẹ tó tẹ ìwé ìbéèrè kankan. Ẹ̀yin olùkọ́ wa náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí àkòrí kankan títí ẹ ó fi rí gbólóhùn yẹn gbà.