Kí A Tó Ra Bátìrì fún Ọkọ̀ Ìṣeré Ọmọ

Ní ìgbà tí àwa wà ní kékeré ní ilẹ̀ Ìgbómìnà níhìn-ín, agolo mílíìkì àti agolo sàdíìnì ni a fi ń ṣe ọkọ̀, awẹ́ sálúbàtà tí ó ti já ni a ń gé ní róbótó ṣe táyà rẹ̀, okùn tí a so mọ́ ọn nímú sì ni ẹ́ńjìnnì, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò rìn mọ́, ẹni tí ń fà á ni ó rẹ̀. Ayé ti yí padà. Ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ń fi rìmóòtù darí lẹ́bàá títì Ìgbàjà lónìí, tí ó ń ta erukuru pupa sókè bí ẹni pé Òmù-Àrán ni ó ń lọ, iná ni ó gbé sínú. Inú bátìrì ni iná náà sì ba sí, gẹ́gẹ́ bí ẹyín iná ti í ba sábẹ́ eérú. Nítorí bátìrì yìí ni mo ṣe ní ọ̀rọ̀ í bá ẹ̀yin òbí sọ.

Ọdún Kérésìmesì kan ni àbúrò mi tí ń gbé Èkó mú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá fún àbíkẹ́yìn mi. Ó sáré fún bí oṣù méjì, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí arúgbó, nígbà tí ó sì yá, ó dúró gbagidi bí ère òkúta Ẹ̀sìẹ́. Mo lọ sí Ìlọrin, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta ohun èlò iná. “Bàbá, ẹ wo nọ́ńbà ara èyí,” ni ó wí, “ó ju ti àtijọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì.” Mo sanwó, mo tilẹ̀ rò pé mo gbọ́n. Ṣájà àtijọ́ ni mo fi kì í ní iná nígbà tí mo délé, mo sì bọ́ sí yàrá lọ nà gbalaja. Òórùn dídùn kan ni ó jí mi, òórùn tí ó jọ ti ohun tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná. Kí n tó dé pálọ̀, bátìrì ti wú bí àkàrà inú epo gbígbóná, aṣọ tábìlì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Mo fa wáyà yọ lára ògiri, mo fi ṣọ́bìrì gbé e jáde sórí iyanrìn. Àwọn àgbà ti wí i pé ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí ọ̀pọ̀ kì í rántí òwe.

Ohun tí n kò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni pé ẹ̀yà bátìrì pọ̀. Ti àtijọ́ jẹ́ ti níkẹ́lì, èyí tí a ń kọ NiMH sí lára: fóltì 1.2 ni ẹyọ kan, ẹyọ mẹ́fà nínú ìdì kan sì di 7.2. Èyí tí mo rà jẹ́ ti lítíọ̀mù, LiPo: fóltì 3.7 ni ẹyọ kan, méjì di 7.4. Ẹni tí ó bá wo 7.2 àti 7.4 yóò pè wọ́n ní ọmọ ìyá. Wọn kò tilẹ̀ bá ara wọn tan. Ẹyọ LiPo kò gbọdọ̀ kọjá fóltì 4.2 bí ó bá yó, kò sì gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 3.0 bí ebi bá ń pa á, ṣájà níkẹ́lì kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dẹ́kun à ń bọ́ ọ. Èmi kò ní kí a kórìíra lítíọ̀mù o. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú fóònù gbogbo wa. Ilé iṣẹ́ Sony ni ó kọ́kọ́ gbé e dé ọjà ní 1991, àwọn mẹ́ta tí wọ́n là ọ̀nà rẹ̀, Goodenough, Whittingham àti Yoshino, sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Ẹṣin tí ó lè sáré ni, ṣùgbọ́n a kì í so ìjánu rẹ̀ mọ́ ọmọdé lọ́wọ́.

Ti nọ́ńbà ńkọ́? mAh ni ó ń sọ bí iná tí bátìrì lè gbà ti pọ̀ tó, bí ẹni ń sọ bí kèrègbè ti tóbi tó. Bátìrì róbótó kan wà tí a ń pè ní 18650, nítorí pé ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 65. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìṣeré. Ojúlówó rẹ̀ tí ó dára ń gba nǹkan bí 3,500 mAh, ó sì ń wúwo tó nǹkan bí 45 gíráàmù. Síbẹ̀ ẹ ó bá 9,900 lára òmíràn lórí àtẹ, kí ẹ sì gbé e, kí ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Kèrègbè ìmumi kò lè gba omi àmù.

Àwa ọmọ Ìgbómìnà, tí ìtàn sọ pé àdá tí ń jẹ́ ogbó ni ó mọ̀nà fún baba wa, kò yẹ kí a máa táràrà láàárín ọjà. Bí ọmọdé ni ó ni ọkọ̀, NiMH ni kí a rà fún un. Bí àgbàlagbà tí ó ní sùúrù bá fẹ́ LiPo, kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá ọkọ̀ náà mọ bí a ti í gé iná fúnra rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ṣe fún níkẹ́lì kò mọ̀ ọ́n. Kí ó wọn àyè bátìrì nínú ọkọ̀ kí ó tó kúrò nílé. Bí ẹnu wáyà kò bá sì bára mu, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àlùmọ́gàjí gé pupa àti dúdú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ojú ẹsẹ̀ ni iná yóò bú. Bátìrì 3,000 mAh, kí ṣájà má fi ju ámípíà 3 lọ fún un. Orí sìmẹ́ǹtì lásán tàbí inú ìkòkò amọ̀ ni kí a ti máa kì í, jìnnà sí ẹní àti kọ́tìnì. Mo mọ̀ pé òru ni iná ìjọba sábà ń dé. Àmọ́ a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èyí tí ó bá ti wú, kí a má gún un, kí a má sì dán an wò mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, tí ẹ ń bọ̀ wálé fún ọdún, ẹ rántí pé inú báàgì ọwọ́ ni bátìrì lítíọ̀mù tí kò sí nínú ẹ̀rọ gbọdọ̀ wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, kì í ṣe inú àpótí tí a ń kó sísàlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń rà á bọ̀ fún àwọn ọmọ ilé, ẹ ra ṣájà tirẹ̀ mọ́ ọn.