Àtọ̀sí Kọ́: Lórí Orúkọ Àrùn Ojú-Ọ̀nà Ìtọ̀

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí àwọn atúmọ̀ èdè kan fi ń lo "àtọ̀sí" bí wọ́n bá ń kọ̀wé nípa àrùn tí bakitéríà ń dá sílẹ̀ ní ojú-ọ̀nà ìtọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀, ó kúrú, kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kò yẹ kí a gbà á wọlé sínú èdè-ìperí ìṣègùn fún iṣẹ́ yìí. Ẹrù orí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Òun ni a fi ń pe àrùn tí Neisseria gonorrhoeae ń fà, èyí tí ìbálòpọ̀ ń gbé kiri. Òun náà ni a so "ajá" mọ́ láti fi pe ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tí aràn tí ń ti inú odò wọ ara ń fà. Bí a bá tún gbé ẹ̀kẹta lé e, báwo ni olùkọ́ yóò ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo àrùn náà fúnra rẹ̀. Nínú àwọn bakitéríà tí ń dá a sílẹ̀, Escherichia coli ni ọ̀gá. Òun ni a sábà máa ń bá nídìí bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Inú ìfun ènìyàn ni ilé rẹ̀, kì í sì í sábà yọni lẹ́nu níbẹ̀. Inú ìgbẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́ ni Theodor Escherich, oníṣègùn ọmọdé, ti rí i, tí ó sì ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1885. Ìgbà tí ó bá ti ihò ìdí rìn dé ẹnu ọ̀nà ìtọ̀, tí ó gòkè, tí ó sì fi irun tín-ín-tín ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ògiri àpò-ìtọ̀ kí ìtọ̀ má baà ṣàn án lọ, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Klebsiella, Enterococcus àti Staphylococcus saprophyticus náà wà níbẹ̀. Proteus mirabilis a máa fọ́ yùríà inú ìtọ̀ sí amóníà, òkúta a sì lè ti ibẹ̀ dì sí kíndìnrín.

Láti ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni àrùn náà ti sábà ń wá. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ "àkóràn" pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń wọ inú ìwé: ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò béèrè pé, "Ta ni ó kó o ràn mí?" Ìbéèrè yẹn lè tú ilé ká. Obìnrin tí ó bá ń bẹ̀rù orúkọ àrùn rẹ̀ yóò fi pamọ́ fún ọkọ àti fún nọ́ọ̀sì; bí ó bá sì lóyún, àrùn náà lè gòkè dé kíndìnrín, kí ó sì mú kí ọmọ wáyé láìpé oṣù. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n tí àwọn ará ìlú ń pè é kò sàn jù; àga ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ṣẹ̀ ni ó ń nàka sí.

Ohun tí ó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé ìbálòpọ̀ wà lára àwọn ohun tí ń ṣínà fún un. Kì í ṣe pé ọkọ gbé kòkòrò wá dandan. Èyí tí ó ti wà lára obìnrin tẹ́lẹ̀ ni a tì wọlé. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ti ọkùnrin tó 20. Oyún, ìtọ̀ ṣúgà, dídáwọ́ nǹkan oṣù dúró, pròsíteètì tí ó wú, àti rọ́bà tí a fi ń fa ìtọ̀ ní ilé ìwòsàn, gbogbo wọn ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kò yẹ kí a pe ìkankan nínú wọn ní "okùnfà", nítorí bakitéríà ni okùnfà. Mo dábàá "afàyègbàrùn" fún wọn.

Fún àrùn náà, mo fara mọ́ "àrùn bakitéríà ojú-ọ̀nà ìtọ̀", kí a sì máa sọ ti àpò-ìtọ̀ tàbí ti kíndìnrín bí ó bá ti rí. "Kòkòrò" nìkan kò tó, eṣinṣin pàápàá kòkòrò ni. Orúkọ náà gùn, mo gbà. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó kúrú jù ú lọ, tí kò sì fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá.