Síso Mọ́ Kò Ṣòro, Títú Ni Iṣẹ́ Wà

Òwe, oríkì àti gírámà ni mo sábà máa ń gbé wá síbí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni tòní, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì péré ni gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú fláàṣì lọ́wọ́. Orí kẹta àpilẹ̀kọ rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi kọ ọ́, ṣọ́ọ̀bù kan ni wọ́n sì ti bá a tẹ̀ ẹ́. Mo ti fláàṣì náà bọ ihò kọ̀ǹpútà. Orúkọ fáìlì wà níbẹ̀ bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n òdo ni ìwọ̀n rẹ̀. Omi lé ròrò sí ojú ọmọ náà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú mi ni wọ́n ṣe gbé e sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní ó ti parí." Ó tún ti ní kí wọ́n pa èyí tí ó wà lọ́dọ̀ wọn rẹ́, kí ẹlòmíràn má baà jí i kọ. Mo bi í bí ó ti ṣe yọ fláàṣì náà. Ó ní òun kàn fà á yọ ni, nítorí pé èrò ti pọ̀ lẹ́yìn òun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dá ọmọ náà lẹ́bi. Èmi kò dá a lẹ́bi. Àwọn tí ó pinnu ohun tí kọ̀ǹpútà yóò máa sọ fún wa àti ohun tí kò ní sọ, àwọn ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ.

Ohun méjì ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ti fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. Ti àkọ́kọ́, ọwọ́ wa ni ó ń ṣe é. Ti èkejì, ètò àgbà tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, irú bí Windows, Linux tàbí macOS, ni ó ń ṣe é: yóò ka bí a ti to àwọn fáìlì sórí fláàṣì náà, yóò sì so wọ́n mọ́ tirẹ̀ kí a lè ráyè wọlé síbẹ̀. `mount` ni Gẹ̀ẹ́sì pe èyí, láti ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń gbé dísìkì ńláńlá sórí ẹ̀rọ. Unix sọ ọ̀rọ̀ náà di àṣẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. `umount` ni òdìkejì rẹ̀. Ẹni tí ó gé `n` kan kúrò nínú rẹ̀ ni ó mọ ohun tí lẹ́tà náà fi ṣe é.

Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ lè sáré sọ pé "gùn". Ẹ má ṣe gbà fún un. "So mọ́" ni ó yẹ. Nínú Unix, igi kan ṣoṣo ni gbogbo fáìlì, fláàṣì tí a gbé dé a sì di ẹ̀ka tí a so mọ́ ọn. Lẹ́tà ni Windows fi ń pe tirẹ̀: A àti B fún àwọn dísìkì pẹlẹbẹ ayé àtijọ́, C fún dísìkì inú. Dísìkì pẹlẹbẹ ti lọ, C sì wà níbẹ̀, bí ilé tí wọ́n wó yàrá méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ tí wọn kò yí nọ́ńbà ẹ̀kẹta padà.

Síso mọ́ ti wá rọrùn báyìí. Kí o tó gbọ́wọ́ kúrò, kọ̀ǹpútà ti so ó. Títú ni wọn kò bójú tó. Nígbà tí a bá ní kí fáìlì lọ sórí fláàṣì, inú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dúró sí, nítorí pé ibẹ̀ yára; lẹ́yìn náà ni a óò máa kó o lọ díẹ̀díẹ̀. Lórí Linux, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ó lè dúró bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan kó o lọ. Ojú kọ̀ǹpútà á ní ó ti parí, ẹrù sì wà lójú ọ̀nà. Lórí fláàṣì tí ó ń lo ètò FAT, tábìlì tí ó ń sọ ibi tí ègé fáìlì kọ̀ọ̀kan wà yàtọ̀ sí àwọn ègé náà fúnra wọn. Ẹni tí ó bá fà á yọ láàárín méjèèjì lè bá orúkọ láìsí ara.

Ẹ wo bí àwọn tí ó ṣe é ti ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Lórí Macintosh àtijọ́, bí o bá fẹ́ yọ dísìkì, o lè wọ́ àwòrán rẹ̀ lọ sínú garawa ìdọ̀tí, ibi kan náà tí a ń da fáìlì tí a kò fẹ́ mọ́ sí! Èmi tí mo ń kọ́ ènìyàn ní ìtumọ̀ àmì kò lè rí èyí tí ó burú jù ú lọ. Nígbà tí Mac OS X dé ní 2001, garawa náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di àmì ìyọjáde bí a bá ti ń wọ́ dísìkì bọ̀. Ní 2018, Microsoft yí Windows 10 padà kí ó má baà máa dá ọ̀rọ̀ fláàṣì dúró sí mẹ́mọ́rì mọ́, àyàfi tí olùlò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n n kò gbà fún àwọn tí ó ní ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá fà á yọ nígbà tí a ṣì ń kọ ọ́ yóò pàdánù síbẹ̀síbẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù ni bí ó ti ń kọ̀. Bí púrógíráàmù kan bá ṣì di fáìlì mú, tí o sì fẹ́ tú fláàṣì, Linux á ní `target is busy`. Windows á ní kí o pa púrógíráàmù tí ó bá lè máa lò ó. Èwo nínú wọn? Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, òun ni ó ń ka iye ọwọ́ tí ó di fáìlì mú. Bí mo bá kan ilẹ̀kùn tí wọ́n ní n kò lè wọlé, ṣé kò yẹ kí wọ́n sọ ẹni tí ó wà nínú ilé? Ojú-iṣẹ́ GNOME lórí Linux máa ń to orúkọ àwọn púrógíráàmù náà sílẹ̀ fún olùlò. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà.

Àwọn tí ó ń kọ púrógíráàmù pàápàá jẹ nínú ìyà yìí. Ìpè kan ṣoṣo ni Linux fi ń so tuntun mọ́, tí ó fi ń yí ti àtijọ́ padà, tí ó fi ń ṣí i nípò. Bí ó bá kùnà, nọ́ńbà kan ni ó ń dá padà, nọ́ńbà náà sì lè túmọ̀ sí ọ̀pọ̀ nǹkan. Ní 2019, nínú Linux 5.2, wọ́n mú ìpè tuntun wọlé: `fsopen` ń bẹ̀rẹ̀, `fsconfig` ń tò ó, `fsmount` ń mú un wà ní sẹpẹ́, `move_mount` ń so ó mọ́ ibi tí ó ń lọ. Ètò náà tilẹ̀ lè fi gbólóhùn ṣàlàyé ohun tí ó bàjẹ́. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀ tiwa ni mo rí níbẹ̀: a mú fláàṣì, a tì í bọ ihò, a so ó mọ́, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ mi, ó tún orí kẹta náà kọ láti inú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó gbé e dé, èmi fúnra mi ni mo ti fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. A kà á tán, mo tẹ ibi tí ó yẹ kí n tẹ̀ láti tú u. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé nǹkan kan ṣì ń lò ó. A pa gbogbo ohun tí a ṣí, ó ṣì ń wí bákan náà. Ní ìgbẹ̀yìn, a pa kọ̀ǹpútà náà pátápátá kí a tó yọ ọ́.